Paraben àti ìbẹ̀rù lórí họ́mọ̀nù nínú ìpara

Paraben ni orúkọ tí a ń pe ọ̀wọ́ kẹ́míkà kan tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń fi sínú ìpara, ọṣẹ olómi àti ọṣẹ ìfọrun, kí bakitéríà má ba à gbilẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n má sì bu. Methylparaben, ethylparaben, propylparaben àti butylparaben ló wọ́pọ̀ jù.

Ohun ìpara tó ní omi nínú ló nílò wọn. Àdín àti òrí tí àwọn ará Èkìtì fi ń para nígbà ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò irú èròjà bẹ́ẹ̀, nítorí kòkòrò àìfojúrí kì í lè pọ̀ níbi tí omi kò sí. Ṣùgbọ́n ìpara funfun inú ike tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, omi ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá sì ti ìka bọ̀ ọ́ ló ń kó kòkòrò tuntun sí i. Ìpara tó ti bàjẹ́ báyìí lè kó àrùn ran awọ ara àti ojú, ewu tí kò yẹ kí a fojú kéré.

Ohun tó ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú ni pé paraben lè ṣe bí estrogen, họ́mọ̀nù tó ń darí ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ara obìnrin. Ní ọdún 1998, àyẹ̀wò lára eku ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn nípa butylparaben, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kéré sí ti estradiol, estrogen tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ní nǹkan bí ìlọ́po 100,000. Ní 2004, Philippa Darbre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Reading rí paraben nínú kókó jẹjẹrẹ ọmú 20. Ìròyìn náà da jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò yẹ ọmú tí ara rẹ̀ dá wò láti fi wéra, kò sì fi hàn pé paraben ló fa àrùn náà.

Gbogbo paraben kọ́ ló rí bákan náà. Methylparaben àti ethylparaben kò lágbára tó propylparaben àti butylparaben lórí ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní 2014, fi dín ìwọ̀n méjì tó kẹ́yìn yìí kù sí ìdá 0.14 nínú 100, tó sì kà wọ́n léèwọ̀ nínú ìpara abẹ́ ìlédìí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó tún fòfin de oríṣi paraben márùn-ún mìíràn pátápátá.

Ìpara àpòpọ̀ tí àwọn kan ń pò lọ́jà ló yẹ kó kọni lóminú jù ní tòótọ́. A kì í sábà rí àkọsílẹ̀ èròjà lára ike rẹ̀, nítorí náà ìyá tó rà á fún ọmọ ọwọ́ kò lè mọ̀ bóyá propylparaben wà nínú rẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ìwọ̀n rẹ̀.