Mágnẹ́ẹ̀tì fa irin jáde nínú kọ́nfíléèkì: ohun tí fídíò yẹn ò sọ fún yín

Fídíò yẹn tún ti ń yí kiri o. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ: ẹnìkan á da kọ́nfíléèkì sínú ọ̀rá, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí á fi kúnná, á bu omi sí i, á wá máa fi mágnẹ́ẹ̀tì ra ara ọ̀rá náà. Tó bá ṣe díẹ̀, nǹkan dúdú tín-ín-tín kan á ṣù jọ síbi tí mágnẹ́ẹ̀tì wà, ibi tó bá sì gbé mágnẹ́ẹ̀tì gbà ni nǹkan ọ̀hún á máa tẹ̀ lé e lọ. Ibẹ̀ ni ohùn ẹni náà á ti yí padà, á ní ẹ wò ó, irin gidi, irin tí àwọn jórinjórin ń jó, òun ni wọ́n ń lọ̀ sínú oúnjẹ ọmọ wa, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ, àwọn òyìnbó fẹ́ dín iye wa kù ni. Àwọn èèyàn á wá máa pín in, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, títí kan àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n á máa bèèrè bóyá káwọn má fún ọmọ ní oúnjẹ tí wọ́n fi fítámì sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, torí pé ohun tí mágnẹ́ẹ̀tì fà jáde yẹn, irin ni lóòótọ́. Ẹni tó ṣe fídíò ò parọ́ níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára páálí. Irin ni ara fi ń ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri, àgbàlagbà tí ara ẹ̀ dá ní nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 irin lára níbi tó jókòó sí yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú obìnrin 10 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, bíi 3 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, tó bá wá di ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ò tíì pé ọdún 5, bíi 4 nínú 10 ni. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ò tó ń pani.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n fẹ́ dín wa kù náà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ ara wọn ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi nǹkan sí. Àwọn ará Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódíìnì sínú iyọ̀ lọ́dún 1922 nítorí gẹ̀gẹ̀ tó ń yọ àwọn èèyàn wọn lọ́rùn, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Michigan lọ́dún 1924, nígbà tó di àwọn ọdún 1940 wọ́n ń fi irin àti fítámì B sínú fúláwà, ní 1998 wọ́n sọ ọ́ di dandan láti fi folic acid, ìyẹn oríṣi fítámì B kan, kún un kí wọ́n má baà máa bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ò pa dé. Guatemala ti ń fi fítámì A sínú ṣúgà láti àwọn ọdún 1970 kí ojú àwọn ọmọ wọn má baà fọ́. Ní Bìrìtéènì títí dòní, òfin ni pé kí irin wà nínú fúláwà funfun. Ṣé wọ́n fẹ́ dín ara wọn kù náà ni?

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí gan-an ni mágnẹ́ẹ̀tì yẹn, torí pé èmi ò tíì rí ẹnikẹ́ni lára àwọn tó ń pín fídíò náà tó bèèrè ohun tí mágnẹ́ẹ̀tì lè fi hàn wá àti ohun tí kò lè fi hàn.

Irin tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí mágnẹ́ẹ̀tì ń fà yẹn, irin pọ́ńbélé ni, tí wọ́n ṣe kúnná bíi páúdà, tí kò dà pọ̀ mọ́ ohunkóhun. Àwọn míì wà, ferrous sulphate, ferrous fumarate, àti èyí tí wọ́n ń pè ní NaFeEDTA, irin wà nínú gbogbo wọn pátá ṣùgbọ́n irin tó ti so mọ́ nǹkan míì ni, kò sí mágnẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè rà lọ́jà tó máa fà á jáde nínú oúnjẹ. Ẹ wá rò ó wò. Ẹ gbé páálí méjì sílẹ̀, ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì wá inú àkọ́kọ́, nǹkan dúdú jáde, ẹ fi wá inú èkejì, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó wo fídíò á ní èkejì ló mọ́, òun lòun máa fún ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ irin tó wà nínú èkejì lè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí mágnẹ́ẹ̀tì sọ fún wa ni oríṣi irin tí ilé iṣẹ́ yẹn lò.

Oríṣi irin yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí irin tó lè wọ ara, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ nínú omi kíkan inú ikùn, ìgbà tó bá yọ́ tán ni ìfun á tó rí i gbà. Èyí tí ò bá yọ́, bó ṣe wọlé ló ṣe máa bá ìgbẹ́ jáde. Ferrous sulphate ń yọ́ wéré. Irin pọ́ńbélé máa ń lọ́ra, bó bá ṣe kúnná tó àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló ń sọ bó ṣe máa yọ́ sí, òmíràn yọ́ díẹ̀, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ́ rárá. Àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé irin tí Ọlọ́run dá sínú ewé nìkan ni ara mọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ o, tí irin bá ti yọ́ nínú ikùn, èyí tó tinú ewé wá àti èyí tó ti fáktírì wá ti di ọ̀kan náà, ìfun ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti inú ẹran nìkan ló gba ọ̀nà tiẹ̀, tó sì rọrùn fún ara láti gbà jù.

Kí ló wá dé tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń lo èyí tó ń lọ́ra? Owó ẹ̀ kéré, kì í sì í ba oúnjẹ jẹ́. Ferrous sulphate tí ẹ bá fi sínú fúláwà tó máa pẹ́ nílẹ̀, ó lè mú òróró inú ẹ̀ bàjẹ́ kó máa rùn, ó lè yí àwọ̀ oúnjẹ padà. Irin pọ́ńbélé kì í bá ẹnikẹ́ni jà nínú àpò, ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, àmọ́ ohun tó mú un dákẹ́ nínú àpò ló ń mú un dákẹ́ nínú ikùn náà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé tó bá jẹ́ irin pọ́ńbélé tí wọ́n fi iná mànàmáná yọ ni, kí wọ́n fi ìlọ́po méjì ohun tí wọn ì bá fi sí i tó bá jẹ́ ferrous sulphate, wọ́n sì ní kí wọ́n má lo àwọn oríṣi kan nínú irin pọ́ńbélé yìí rárá.

Ẹ wo Sri Lanka. Wọ́n fún àwọn ìdílé ní fúláwà tó ní irin pọ́ńbélé nínú, fún ọdún 2 gbáko, nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti àwọn tí wọn ò fi nǹkan kan sí tiwọn. Ẹ wá wo Vietnam, níbi tí wọ́n ti fi NaFeEDTA sínú ọbẹ̀ ẹja olómi tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ, mílígíráàmù 10 irin lóòjọ́, láàárín oṣù 6 àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó ti dín kù gan-an. Wọ́n fi irú irin kan náà sínú ọbẹ̀ sóyà ní Guizhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn gbé pẹ́ẹ́lí sókè níbẹ̀ náà. Irin ni gbogbo wọn ń jẹ o, àmọ́ ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ yà sí.

Nǹkan míì tún wà nínú èèpo ọkà tó máa ń di irin mú tí kì í jẹ́ kó wọ ara, phytate lorúkọ ẹ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé fúláwà tí wọn ò bó èèpo ẹ̀ kúrò, NaFeEDTA nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi sí i. Tíì tí èèyàn ń mu mọ́ oúnjẹ náà máa ń dí irin lọ́nà. Fítámì C máa ń ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà tẹ́nìkan bá wá bá mi pé òun ò gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n fi irin sí yìí gbọ́, mo fẹ́ gbọ́ ìdí. Tó bá ní wọ́n fẹ́ pa wá, mi ò ní nǹkan sọ. Àmọ́ tó bá ní kò dá òun lójú pé ohun tí wọ́n kọ sára àpò ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn, a jọ wà níbẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ sára àpò pé irin wà nínú ẹ̀ kó sì jẹ́ oríṣi tówó ẹ̀ kéré jù lọ́jà ni wọ́n rà, òfin lè wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni má sì lọ yẹ fúláwà wò ní fáktírì. Àwọn tí ebi fítámì ń pa jù gan-an, tí wọ́n ń gbin ọkà tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ fúnra wọn lábúlé, fúláwà fáktírì lè má dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ò tó ni àìtó irin fà á, ibà máa ń fà á, aràn inú máa ń fà á, fọ̀níkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Lójú tèmi, áyódíìnì inú iyọ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ tiẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa, folic acid náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti irin, mi ò lè sọ ju pé ó ń ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ irin tó dáa, tó pọ̀ tó, nínú oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń jẹ lóòótọ́. Kí fúláwà wá tún àìjẹunrekánú ṣe nìkan, mi ò rò ó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ fídíò yìí ni ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán. Wọ́n á da oúnjẹ tó ní irin tín-ín-tín nù, wọ́n á wá lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ láìṣe tẹ́ẹ̀sì kankan, láìmọ̀ pé irin inú oògùn yẹn pọ̀ ju èyí tí wọ́n dà nù lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, tó sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní erékùṣù Pemba ní Tàǹsáníà, níbi tí ibà pọ̀ sí, wọ́n fún àwọn ọmọdé ní tábúlẹ́ẹ̀tì irin àti folic acid lójoojúmọ́, èsì tó jáde lọ́dún 2006 ni pé àwọn tó ń lò ó ló ń dèrò ọsibítù jù, àwọn náà ló ń kú jù, wọ́n sì ní láti dá a dúró. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé níbi tí ibà bá pọ̀ sí, ìtọ́jú ibà àti ìdènà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó máa fún ọmọdé ní irin. Ẹ má fi tábúlẹ́ẹ̀tì irin síbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o, ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń jọ súìtì lójú wọn, ọmọ kékeré tó bá kó púpọ̀ jẹ lè kú. Ẹni tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lemọ́lemọ́, tàbí tí dókítà ti sọ fún pé irin ti pọ̀ jù lára ẹ̀, kó lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi irin sí.

Ẹ̀yin aláboyún náà, tí wọ́n bá fún yín ní tábúlẹ́ẹ̀tì irin ní kíníìkì, ẹ má dá a dúró torí pé búrẹ́dì tí ẹ̀ ń jẹ ní irin nínú. Mílígíráàmù 30 sí 60 lóòjọ́ ni wọ́n ń fún aláboyún. Fúláwà tí wọ́n fi irin mílígíráàmù 40 sínú kílò kan ẹ̀, ẹ máa jẹ tó kílò kan ààbọ̀ lójúmọ́ kí ẹ tó rí 60 yẹn.