Ẹ wo eegun kí ẹ tó wo awọ: ríra ẹ̀yà ọkọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan gbé Corolla rẹ̀ wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú. Dáńfó kan ló dúró lójijì níwájú rẹ̀ ní Fadeyi, ó sì lọ sọ ìdí dáńfó náà. Bọ́ńpà ti já, iná iwájú méjèèjì ti fọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ká kò, omi rẹdiétọ̀ sì ń ṣàn sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, nǹkan kan ò ṣe òun fúnra rẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ló ti ní, “Ọ̀gá, ojúlówó ni kí ẹ fi sí gbogbo rẹ̀ o. Mi ò fẹ́ ayédèrú kankan.” Nígbà tó gbọ́ iye tó máa jẹ́, ó dákẹ́. Ó wá ní, “Ó dáa, ẹ lọ bá mi kó tòkúnbọ̀ wá ní ọjà Ládípọ̀, ká fi ṣe gbogbo rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ “gbogbo rẹ̀” yẹn ló ń kó àwọn oníbàárà wa sí gbèsè, òun náà ló sì ń kó àwọn mìíràn sí ewu. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti irin inú bọ́ńpà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi lórí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni pé, bí ọkọ̀ yìí bá tún forí sọ nǹkan lọ́la, kí ni ẹ̀yà yìí máa ṣe fún ẹni tó jókòó sínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọjà ń sọ. Tí ọmọ Ládípọ̀ bá ní “orijínà” ni èyí, ẹ bi í pé orijínà wo. Ó lè jẹ́ ẹ̀yà tuntun nínú páálí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gan-an. Ó sì lè jẹ́ tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ní òkè òkun, nítorí orijínà ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yà tuntun tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe irú èyí ní fèrú, wọn ò sì jẹ̀bi tán, àmọ́ wọn ò jàre tán. Denso ń ṣe rẹdiétọ̀ fún Toyota. Bí ẹ bá rí rẹdiétọ̀ nínú páálí Denso fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ ju ti inú páálí Toyota lọ, iṣẹ́ tó dáa sì ni. Ayédèrú ni ẹ̀kẹrin: èyí tó jí orúkọ olórúkọ lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ń jí orúkọ Denso náà o, nítorí náà páálí nìkan kò tó ẹ̀rí.

Fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, ilẹ̀kùn àti ike bọ́ńpà, tòkúnbọ̀ ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú. Ihò rẹ̀ á bá ihò mu, etí rẹ̀ á bá etí mu, torí pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín ló ṣe òun náà. Ẹ má bẹ̀rù pé pupa ni, tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ eérú. A ṣáà máa kùn ún ni. Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré dání, kí ẹ fi hánkáṣíìfù wé e kó má baà ha ọ̀dà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ dáadáa lára irin, bọ́dì fílà, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀ náà ti gbá nǹkan rí. Ìwọ̀nba tí mo fẹ́ sọ lórí ìyẹn nìyẹn, àfi kọ́kọ́rọ́ tó ń di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Ẹ má fi gbàrọ̀gùdù síbẹ̀, nítorí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ṣí lórí Third Mainland Bridge á bo ojú awakọ̀ pátápátá.

Eegun ló ń dùn mí jù. Lẹ́yìn ike bọ́ńpà, irin gbọọrọ kan wà tó dábùú iwájú ọkọ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ gba agbára ìkọlù, tó ń pín in sí ọ̀tún àti òsì, kí iwájú ọkọ̀ lè rún díẹ̀díẹ̀ kí agbára náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wakọ̀. Irin líle tí wọ́n dìídì ṣe ni. Mo ti rí ayédèrú rẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ mi fi ika méjì gbé sókè. Wọ́n kùn ún dúdú, ó ń dán, ẹni tó rà á kò sì lè mọ̀, torí pé bí a bá ti fi ike bò ó, ó di àwátì. Ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni kí ẹ rà, tuntun tàbí tòkúnbọ̀ tí kò tẹ̀, tí kò dípẹtà, tí wọn ò jó rí.

Àwa panẹ́bítà náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí irin yìí bá tẹ̀, àwọn kan nínú wa á fi gáàsì jó o títí yóò fi pọ́n, wọ́n á sì fi òòlù nà án tọ́. Lójú, ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n iná ti gba agbára rẹ̀. Ìgbà tó bá tún gbá nǹkan, á ká bí agolo. Bí ẹ bá rí ojú iná lára irin inú bọ́ńpà tàbí lára àwọn irin gígùn méjì tó mú ẹ́ńjìnnì ró, ẹ má gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí ẹ sanwó fún lẹ gbà, nọ́ńbà wà. Ọkọ̀ yín ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tó jẹ́ àmì mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti òǹkà pọ̀. Ẹ wò ó lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀. Ẹni tó ń ta ojúlówó lè fi í wá nọ́ńbà ẹ̀yà tó bá ọkọ̀ yín mu. Nọ́ńbà ẹ̀yà Toyota jẹ́ àmì mẹ́wàá: márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ẹ̀yà náà jẹ́, márùn-ún ìyókù ń sọ ọkọ̀ tó ni ín. Ike bọ́ńpà iwájú, bí àpẹẹrẹ, 52119 ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Iná iwájú wá ńkọ́? Láti April 2, 1972 ni a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Àpá òsì ni wọ́n ń wà á ní Japan àti ní ìlú Ọba, iná ọkọ̀ wọn sì máa ń gbójú sókè sí òsì kó lè tan ẹ̀gbẹ́ títì wọn. Bí a bá tú irú iná bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó, ojú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì ló máa lọ. Lálẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri, kí ẹ tan iná rírẹlẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gòkè lápá òsì, ẹ dá a padà. Nítorí èyí, ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ọ̀pọ̀ rìsíìtì ló ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà.

Mi ò kì í ra airbag tòkúnbọ̀, ìyẹn àpò tó ń fẹ́ lójijì nígbà ìjàǹbá láti dáàbò bo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó. Takata, ilé-iṣẹ́ Japan kan, fi ammonium nitrate ṣe ohun tó ń fẹ́ airbag. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a jà fún ọdún púpọ̀, ó lè bú gbàmù jù, kí irin tó bò ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lu ojú àti ọrùn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin ni wọ́n sì kà sí ibi tó léwu jù. Ẹ̀yin náà mọ bí Èkó ṣe rí. Ta ló mọ inú ọkọ̀ wo ni èyí tó wà lórí káńtà ti wá?

Ọkọ̀ tí airbag rẹ̀ bá ti bẹ́, ẹ wo bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ náà, torí ọ̀pọ̀ máa ń há lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í ṣe é tún lò. Ẹ sì ṣọ́ra fún rẹwáyà tó bá ní òun á pa iná airbag tó ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Wáyà kékeré kan ló máa fi tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ; iná á kú, airbag kò ní sí níbẹ̀.

Ní ti owó, láti January 2023, inṣọ́ránsì thẹ́dì-páàtì ọkọ̀ àdáni ti di ₦15,000, ó sì ń san tó mílíọ̀nù 3 naira fún ohun tí ẹ bàjẹ́ fún ẹlòmíràn. Bí ẹlòmíràn ló gbá yín, ẹ gba ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara yín lójú títì.

Ìyá oní-Corolla yẹn ra bọ́nẹ́ẹ̀tì tòkúnbọ̀ aláwọ̀ ewé, ó ra ike bọ́ńpà tòkúnbọ̀, ó ra rẹdiétọ̀ Denso tuntun. Owó tó kù lára ìyẹn ló fi ra irin inú bọ́ńpà nínú páálí Toyota. Mo pè é pé kó wá wò ó kí a tó bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fóònù yà á, ó wá ní ká máa fi bọ́ńpà dé e.