Kì í ṣe olólùfẹ́ ni gbogbo orin ìfẹ́ Sípáníìṣì ń sunkún fún

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ kọ̀ ọ́, ló bá gbé orin Sípáníìṣì kan, "Amor eterno" (ìfẹ́ ayérayé), sí status WhatsApp ẹ̀ odidi ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbọ́ Sípáníìṣì o, ẹkún tó gbọ́ nínú ohùn akọrin ló tó fún un. Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe rò pé gbogbo orin ìfẹ́ Sípáníìṣì, tí akọrin bá ti ń fà á bí ẹni fẹ́ sunkún, á jẹ́ pé wọ́n já a jù sílẹ̀ nìyẹn. Irú ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, bolero, irú orin ìfẹ́ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Santiago de Cuba, ìfẹ́ tí ò rójú rere ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Àmọ́ èyí tí ọ̀rẹ́ mi gbé síbẹ̀ yẹn kọ́.

Juan Gabriel, ọmọ Mẹ́síkò, ló kọ ọ́, Rocío Dúrcal ará Sípéènì sì gbé e jáde ní 1984. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ló ń tan èèyàn: akọrin wo dígí, ó rí i lójú ara ẹ̀ bí ìdágbére yẹn ṣe fìyà jẹ ẹ́ tó. Ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ náà, "ìwọ" tó sì ń bá wí, Sípáníìṣì ò sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, bíi Yorùbá gẹ́lẹ́. Ó wá dé ègbè, ó ní ì bá wu òun kó o ṣì wà láyé, kí ojú rẹ má pa dé rí, "ojitos", ojú kékeré, ló sì pe ojú ọ̀hún, bí ẹni ń kẹ́ ọmọ. Ó ní bó pẹ́ bó yá òun ń bọ̀ wá bá ọ. Ta ló ń sọ ìyẹn fún ọ̀rẹ́kùnrin tó wà nígboro tó ń jayé orí ẹ̀?

Ìyá Juan Gabriel lorin náà wà fún, Victoria Valadez, tó kú ní 1974. Ìyá yìí náà ló mú un lọ sílé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ aláìlóbìí ní Ciudad Juárez nígbà tó wà ní kékeré, torí agbára ò ká a. Lójú tèmi, ó ti ń wá ìyá ẹ̀ tipẹ́ kí ikú tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ orin yìí níbi òkú ní Mẹ́síkò, àti lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún tí wọ́n máa ń ṣayẹyẹ àwọn ìyá.

Àwọn kan tún gbà pé ẹni tó kọ irú orin báyìí gbọ́dọ̀ ti jìyà ìfẹ́ fúnra ẹ̀. Consuelo Velázquez, obìnrin Mẹ́síkò tó kọ "Bésame mucho" (fẹnu kò mí lẹ́nu dáadáa), sọ fúnra ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu ko òun lẹ́nu rí nígbà tóun kọ ọ́ o.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín pa á, ó ní ṣé orin òkú lòun wá ń fi bú ẹni tó ń mí ni. Kò yọ ọ́ ṣá.