Ẹ̀rọ Orí Ìka Náà Mọ Àwọ̀

"Ẹ̀rọ ò lójú. Kò mọ dúdú, kò mọ funfun." Èsì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi láti London nìyẹn ní Oṣù Kìíní 2021, nígbà tí mo ní kí wọ́n má gbọ́kàn lé oximeter jù. Ẹ mọ nǹkan kékeré ọ̀hún, tó ń há mọ́ ìka bíi pégì tí a fi ń sá aṣọ, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe kún inú ẹ̀jẹ̀ tó nínú 100. Kòrónà ti dá wọn wólẹ̀, ẹ̀rọ sì kọ 94. Ìlànà England nígbà náà ni pé ẹni tó bá rí 93 tàbí 94 kó pe dókítà, ẹni tó bá rí 92 sísàlẹ̀ kó gba ilé ìwòsàn lọ. "Ó ṣáà ti lé ní 92," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ ò lójú. Iná ló ní, méjì: pupa kan, àti ọ̀kan tí ojú wa ò lè rí. Iná méjèèjì á la ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín máa ń fa iná pupa mu ju èyí tó kún lọ, nítorí náà ẹ̀rọ á wo ìwọ̀n iná tó jáde lódìkejì, á fi ṣírò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé melanin, ohun tó mú awọ wa dúdú, náà ń fa iná mu.

Ta ni yóò kọ́ ẹ̀rọ níyẹn? Àwọn tó ṣe é ni. Wọ́n á kó àwọn tára wọn le jọ, wọ́n á máa dín ọ́síjìn tí wọ́n ń mí símú kù, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á sì fi èsì ẹ̀jẹ̀ wé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ. Ara tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni ẹ̀rọ máa mọ̀ ọ́n kà. Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2013 ní èèyàn 10 ti tó, bí 2 nínú wọn bá ti dúdú. Méjì péré! Wọn ò tiẹ̀ sọ bí a ó ṣe wọn dídúdú náà.

Ní Oṣù Kejìlá 2020, Michael Sjoding àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan gbé èsì ìwádìí wọn jáde. Wọ́n wo àwọn ìgbà tí ẹ̀rọ kọ 92 sí 96, wọ́n sì fi wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nínú iṣan. Lára aláwọ̀ funfun, ìdá 3.6 nínú 100 ni ọ́síjìn ti wà nísàlẹ̀ 88. Lára aláwọ̀ dúdú, ìdá 11.7 ni. Ní Oṣù Kìíní 2025, FDA dábàá pé kí wọ́n máa fi èèyàn 150 ó kéré tán dán an wò.

Èyí ò ní ká ju oximeter nù o. Bó bá kọ 97 lánàá tó wá kọ 93 lónìí, ìyẹn ti sọ̀rọ̀. Ẹ kàn nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò kẹ́ ẹ tó fi há ọwọ́, kẹ́ ẹ sì wo ẹni náà fúnra rẹ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka orúkọ àwọn ọmọ wọn fún mi lórí fóònù láì dánu dúró. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Orí ẹnì kejì ni wọ́n ti mí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pe dókítà báyìí."