Bí Èèkù Ṣe Di Àkọ̀: Ìtàn Ọ̀bẹ Àpò Ọlọ́nà

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èèkù yìí gan-an ni kí ẹ bá mi wò lára ọ̀bẹ àpò, ọ̀bẹ kékeré tí à ń ká. Ọ̀bẹ mìíràn ní èèkù, ó tún ní àkọ̀ lọ́tọ̀. Ní ti èyí, tí a bá ti ká a, èèkù ló gbé ojú ọ̀bẹ mì. Òun nìkan là ń rí, ìdí nìyẹn tí ọnà fi pọ̀ lára rẹ̀.

Ọ̀kan lára èyí tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì hú jáde ni ti Hallstatt, lórílẹ̀-èdè Ọ́stríà. Eegun ni èèkù rẹ̀, ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 600 sí 500 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ará Róòmù ló wá sọ èèkù di ère: wọ́n á fi idẹ ṣe ajá tó ń lé ehoro, eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n á sì la ihò tóóró sí i kí ojú ọ̀bẹ lè ráyè wọlé.

Ìṣó lásán ló ń di irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ mú. Tí ìṣó bá dẹ̀, ọ̀bẹ lè ṣí sí ẹni lára. Ní nǹkan bí ọdún 1660, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tó ń ta padà sí ẹ̀yìn èèkù. Irin yìí ló ń tẹ ìdí ojú ọ̀bẹ, tó fi ń dún "kó!" tí a bá ṣí i tàbí tí a bá pa á dé. Àwọn akọ̀wé nílò rẹ̀ gidigidi, torí ìyẹ́ ẹyẹ ni gègé wọn nígbà náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Sheffield, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 1624, ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó ń rọ irin, ẹni tó ń pọ́n ọn àti ẹni tó ń de èèkù mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èèkù lè jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín, eyín erin, fàdákà tàbí inú ìkarahun tó ń kọ mànà. Lọ́dún 1851, ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers gbé ọ̀bẹ kan tó ní ojú 75 lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Síbẹ̀, ti Laguiole ní ilẹ̀ Faransé ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ìṣó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò bí àgbélébùú ló wà lára èèkù rẹ̀. Wọ́n ní tí darandaran bá wà lórí òkè tí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, á fi ọ̀bẹ náà gúnlẹ̀, á kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, á gbàdúrà.