Fífín Oògùn sí Àrùn Ìpáàrà Pòròpórò Lára Ryegrass ní Oregon

Ìpáàrà pòròpórò jẹ́ àrùn ryegrass, koríko ìjẹ ẹran, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Puccinia graminis ń fà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí kì í dàgbà níbòmíràn àyàfi lára ewéko tó wà láàyè. Àfonífojì Willamette, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, wà lára ibi tí ó ti ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé irúgbìn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbin koríko náà níbẹ̀, orí pòròpórò tí àrùn ń bá jà gan-an ni irúgbìn sì ń so sí. Ojú egbò tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń bẹ́ lára pòròpórò, tí yóò sì máa tú ìyẹ̀fun pupa bíi bíríkì jáde; ẹni tó bá gba inú oko bẹ́ẹ̀ kọjá yóò bá a lára bàtà àti ṣòkòtò rẹ̀.

 

Oògùn méjì ló gbajúmọ̀ fún ìpáàrà. Propiconazole kì í jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì rí ergosterol ṣe, èyí tí awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò lè ṣe aláìní, ó sì lè dá àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dúró. Azoxystrobin, tí wọ́n fi èròjà inú olú kan ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, ń dí fọ́ńgọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti rí agbára lò. Ó dára jù láti fín in kí àrùn tó dé.

Àkókò ìfín ló ṣòro jù. Ní Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹfà, pòròpórò máa ń ga kíákíá, inú àkọ̀ ewé ni ó sì ń gbà jáde. Bí egbò bá ti wà lára àkọ̀ yìí, ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò máa kó ran pòròpórò tútù náà bó ṣe ń yọ gòkè, nígbà tí apá tó yọ lẹ́yìn ìfín kò tilẹ̀ rí oògùn gbà sára. Ó jọ pé èyí ni ìfín ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi í tó lọ́dún tí àrùn bá le. William Pfender, onímọ̀ àrùn ewéko ní ìlú Corvallis ní Oregon, ṣe ìlànà ìṣirò kan tó ń fi ooru àti bí ewé ṣe ń pẹ́ nínú omi ìrì sọ ìgbà tó yẹ kí àgbẹ̀ fín oògùn.

Wọ́n máa ń di pòròpórò gbígbẹ lẹ́yìn ìkórè, wọ́n sì ń tà á fún oúnjẹ ẹran títí dé Japan. Nítorí náà, iye ọjọ́ tí ìwé ara ike oògùn bá ní kí ó kọjá kí ẹran tó jẹ koríko náà ṣe pàtàkì gidigidi.