Ẹ́ńbágò kì í ṣe àṣẹ

Ọ̀pọ̀ àtẹ̀jáde tí alukoro ń fi ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn ló ní ìlà kan lókè pátápátá, lẹ́tà gàdàgbà, nígbà míì ní àwọ̀ pupa: kò gbọdọ̀ jáde kí agogo báyìí tó lù. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńbágò nìyẹn. Ìyókù àtẹ̀jáde kò ní awo nínú. Ta ló ṣe kí ni, níbo, nígbà wo, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní ọ̀gá sọ (alukoro ló sábà máa ń bá ọ̀gá sọ ọ́), àti nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀. Ìlà òkè yẹn ni ìjà wà.

Ẹ́ńbágò wúlò púpọ̀ níbi tó bá ti yẹ. Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, máa ń jẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn rí ìwádìí tó fẹ́ gbé jáde ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, aago London, ló sì sábà máa ń tú u sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, akọ̀ròyìn á ráyè ka iṣẹ́ tó ta kókó, á pe onímọ̀ mìíràn tí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ láti bi í léèrè ohun tó rí sí i. Bí kò bá sí àyè yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde láìkà á tán ni yóò gba iwájú, àwọn tó kù á sì máa sáré tẹ̀lé e tàṣìṣe-tàṣìṣe. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni pé ó dá eré sísá dúró kí ìwé kíkà lè ráyè.

Aago fúnra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bí àwọn ará London bá ti sún aago wọn síwájú fún ìgbà ooru, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọn ni mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Èkó. Nígbà òtútù, aago márùn-ún ló jẹ́ l'Ékòó. Akọ̀ròyìn Èkó tó bá gbàgbé ìyẹn nínú oṣù Kejìlá ti fi wákàtí kan ba àdéhùn jẹ́ láìmọ̀. Àwọn alukoro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún fẹ́ràn ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Ìṣẹ́jú kan yẹn kì í ṣe àṣejù: bí wọ́n bá kọ "agogo méjìlá òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun", ẹnìkan á ní òru tó ṣáájú rẹ̀ ni, ẹlòmíràn á ní òru tó tẹ̀lé e ni, ìròyìn á sì ti fi odidi ọjọ́ kan yára jù.

Kí ló wá ń mú kí àwọn tó ń bá ara wọn díje pa ẹnu mọ́ títí agogo á fi lù? Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí kóòtù. Èésú ló jọ. Ènìyàn mẹ́wàá kóra jọ, wọ́n ń dáwó lóṣooṣù, ọ̀kan ń kó o. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán tó sá lọ, ìyà tó sábà máa ń jẹ ẹ́ kò ju pé wọn ò ní pè é mọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá òmíràn. Ìyà kékeré kọ́ o. Ẹni tí kò sí nínú èésú ọjà á mọ̀ ọ́n lára nígbà tí owó iléèwé ọmọ bá dé. (Èésú là ń sọ, kì í ṣe àjọ tí alájọ ń gbà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù; ìyẹn ní ìlànà tirẹ̀.) Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀ròyìn tó bá da ẹ́ńbágò á ṣe rí i pé èyí tó ń bọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Bí ọ̀kan bá sì ti tú u, àwọn yòókù á gbà pé ó ti tú fún gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n kí èésú tó di èésú, kálukú ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ aládùúgbò sínú ìwé nígbà tí ìyẹn ń sùn, kó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìparí oṣù pé owó dà. Alájọ Ṣómólú pàápàá, tí wọ́n ní ó fi ọdún mẹ́ta gbàjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mọ àwọn tó ń dá a fún òun.

Kíkọ orúkọ ẹni tó ń sùn sínú ìwé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ alukoro ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ímeèlì kan á já wọ fóònù akọ̀ròyìn, òun àti igba ènìyàn mìíràn, fáìlì ti wà nínú rẹ̀, àwòrán ti wà níbẹ̀, "ẹ́ńbágò" wà lókè gàgàrà. Akọ̀ròyìn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Bó bá gbé e jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìpè á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ti já wa kulẹ̀, sà!" Ìjákulẹ̀ wo? Ẹni tí kò bá èèyàn ṣe àdéhùn kò lè dalẹ̀ onítọ̀hún. Àdéhùn ẹni méjì ni ẹ́ńbágò. Alukoro kò lè dá a ṣe fún àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni pé oníbàárà ló máa ń fi iná sí alukoro nídìí pé gbogbo ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ gbé e, kí wọ́n sì gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kò kan akọ̀ròyìn.

Ìyà tí wọn kò fi jẹ ẹnikẹ́ni náà a máa ba ètò yìí jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Michael Arrington tó dá TechCrunch, ìkànnì ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ náà lọ àwọn á máa gba ẹ́ńbágò, àwọn á sì máa dà á. Ẹ̀hónú rẹ̀ ni pé àwọn tó ń dà á kì í rí ìyà kankan, alukoro á tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì. Olórí èésú tó bá ń gba olè padà, àwọn olóòótọ́ ló ń kọ́ lólè.

Àdéhùn tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ gbà náà lè bọ́ ìdí sílẹ̀. Ní ọjọ́ Keje oṣù Karùn-ún ọdún 1945, Edward Kennedy ti iléeṣẹ́ ìròyìn AP wà lára akọ̀ròyìn mẹ́tàdínlógún tó rí i nílùú Reims, nílẹ̀ Faransé, nígbà tí Jámánì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ti túúbá nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní sọ ọ́ títí àwọn ọ̀gágun á fi yọ̀ǹda, nítorí Stalin, olórí ilẹ̀ Soviet, fẹ́ ayẹyẹ mìíràn ní Berlin. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni rédíò Jámánì fúnra rẹ̀ kéde rẹ̀. Kennedy ní kí ló tún kù láti pa mọ́, ló bá pe London. AP lé e kúrò níṣẹ́. Ọdún 2012, nígbà tó ti kú tipẹ́, ni wọ́n tó tọrọ àforíjì.

Yorùbá náà ní ẹ́ńbágò tó ti wà kí ìwé ìròyìn tó dé: ọba kì í kú, ó ń wàjà ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ kí ètùtù tó yẹ tó parí. Nígbà tí Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, wàjà ní London ní ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 2015, kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn fi gbé e. Àwọn ìjòyè ní irọ́ ni, Kábíyèsí wà láàyè. Ọjọ́ Kejìlá oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó lọ fi tó gómìnà Ọ̀ṣun létí. Ọ̀pọ̀ ló bú àwọn akọ̀ròyìn pé wọn kò mọ àṣà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. A lè jiyàn lórí ọ̀wọ̀ dọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bẹ láàfin ni àṣírí náà dè, wọn kò fi lọ olóòtú kankan kí wọ́n tó bínú sí i.

Alukoro tó mọṣẹ́ kì í so fáìlì mọ́ ìwé àkọ́kọ́. Ìlà méjì ló máa ń kọ: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. A ní ìròyìn kan lórí ètò ìlera tó máa jáde lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́wàá àárọ̀, aago Èkó. Ṣé ẹ lè bá wa pa á mọ́ di ìgbà náà, kí n fi ránṣẹ́?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, tàbí tí kò sí ìdáhùn, fáìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.